Iṣẹ́ Wo Ni Olóògbé Ń Ṣe?

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1837 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ikú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Ṣáájú ìgbà náà, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni orúkọ àwọn tí wọ́n sin máa ń wà. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ó di iṣẹ́ ìjọba. Bí ẹnìkan bá kú, ará ilé rẹ̀ tàbí ẹni tí ikú náà ṣojú rẹ̀ yóò jókòó níwájú akọ̀wé àdúgbò, yóò máa ròyìn, akọ̀wé yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan tí wọ́n ti fi ìlà pín sí òpó-òpó. Ọjọ́ tí ó kú àti ibi tí ó kú sí. Orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ọjọ́ orí rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ohun tí ó pa á. Lẹ́yìn náà ni ti ẹni tó wá ròyìn, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àti orúkọ akọ̀wé fúnra rẹ̀.

Òpó méjì ni mo fẹ́ kí a dúró tì níbẹ̀. Iṣẹ́ wà lápá òsì, ohun tó pa á wà lápá ọ̀tún, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wọ́n. Akọ̀wé tó ń kọ ọ́ kò kúkú mọ̀ pé òun ń ṣe nǹkan bàbàrà. Ó kọ “awakùsà”, ó sún ọwọ́ díẹ̀, ó kọ “àìsàn ẹ̀dọ̀fóró”. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, awakùsà mìíràn kú, ó tún kọ ohun kan náà. Ó pa ìwé dé, ó lọ sílé lọ jẹun. Ẹni tó bá wá ṣí ìwé náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tó sì ní sùúrù láti kà á láti òkè dé ilẹ̀, ni yóò rí ohun tí ojú akọ̀wé kò tó. Òpó méjèèjì yìí ni mo fẹ́ yìn, àti àwọn ènìyàn tó fi ọjọ́ ayé wọn kà wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè náà ti wà kí ìwé náà tó dé. Bernardino Ramazzini, dókítà kan ní ìlú Modena ní Ítálì, ló tẹnu mọ́ ọn jù. Àwọn agbépòó wá kó ṣáláńgá ilé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì rí ọ̀kan nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó bi í pé kí ló dé tí kò rọra. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè, ó ní ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yẹn rí kò lè mọ ohun tí ó ń náni láti pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú ihò náà. Ojú ni í gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ramazzini yẹ ojú rẹ̀ wò, ó rí i pé ó ti pọ́n, ó sì ti ń ṣú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí káàkiri ìlú, ó rí àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí tí wọ́n ti fọ́jú tàbí tó kù díẹ̀ kí wọ́n fọ́jú, tí wọ́n ń ṣagbe kiri. Ìwé rẹ̀ lórí àìsàn àwọn òṣìṣẹ́ jáde lọ́dún 1700. Ohun tó bẹ àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju pé, tí wọ́n bá jókòó ti mẹ̀kúnnù tó ń ṣàìsàn, kí wọ́n fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ti ń bèèrè tẹ́lẹ̀: iṣẹ́ wo lo ń ṣe?

Fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, àárín dókítà kan àti aláìsàn kan ni ìbéèrè yẹn mọ. Bí dókítà náà bá kú, ohun tó mọ̀ bá a lọ, àfi èyí tó bá kọ sílẹ̀. Ìwé ikú ló sọ ọ́ di ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ìlú, lọ́dọọdún.

William Farr ni mo kọ́kọ́ fẹ́ júbà. Wọ́n bí i ní Shropshire lọ́dún 1807. Aláìní ni àwọn òbí rẹ̀. Bàbá àgbà kan tó rí já jẹ ló tọ́ ọ, tó rán an níwèé, tó sì fi owó sílẹ̀ fún un kó tó kú, òun ni Farr fi kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó wọ ibẹ̀, ó sì lo nǹkan bí ogójì ọdún nídìí àwọn ìwé ikú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ka òkú. Ṣùgbọ́n ó tètè mọ̀ pé kíkà òkú nìkan kò tó. Bí wọ́n bá sọ fún wa pé ọgọ́rùn-ún alápatà kú lọ́dún kan, kí la fẹ́ fi ṣe? Bí gbogbo alápatà ìlú kò bá ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, àjálù ni. Bí wọ́n bá tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ó lè jẹ́ bí ayé ṣe rí náà ni. Ìkànìyàn ọdún 1851 bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn alààyè, Farr sì gbé ìwé alààyè lé orí ìwé òkú. Ó rí i pé àwọn tó ń ta ọtí nílé èrò àti àwọn alápatà ń kú ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí kò sí ẹni tó tí ì sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwọn alápatà rárá. Ẹni tó ń jẹ ẹran lójoojúmọ́ tó sì sanra, ta ni yóò rò pé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú? Láti ìgbà náà ló ti di àṣà ọ́fíìsì yẹn láti máa gbé ikú àti iṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìn ìkànìyàn ọlọ́dún mẹ́wàá-mẹ́wàá.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwọn awakùsà Cornwall ló wù mí jù. Ìgbìmọ̀ ìjọba kan ń wádìí ìlera àwọn tó ń wa bàbà àtàwọn irin mìíràn lábẹ́ ilẹ̀, ìròyìn wọn sì jáde lọ́dún 1864. Farr bá wọn fi ikú àwọn awakùsà wé ikú àwọn ọkùnrin yòókù lágbègbè kan náà, ọjọ́ orí sí ọjọ́ orí. Láàárín àwọn ọ̀dọ́, kò sí ìyàtọ̀ kan tó gbòòrò. Ìgbà tí wọ́n bá ti kọjá ọdún márùndínlógójì ni àlàfo náà ń ṣí, tí ó sì ń fẹ̀ sí i bí wọ́n ti ń dàgbà, títí tí ikú awakùsà fi fi ìlọ́po ju ti ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí ó sì wo òpó kejì, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló kún ibẹ̀. Kò sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kùsà kó tó sọ ọ́. Àpẹẹrẹ ọjọ́ orí yẹn, bí ó ṣe ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, fi hàn pé ohun kan ń jọ sínú àyà àwọn ọkùnrin wọ̀nyí lọ́dọọdún. Lọ́dún 1904, oníwádìí kan, J. S. Haldane, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà sídìí ìwé ikú Cornwall kan náà, wọ́n yọ àwọn tó fi ẹ̀rọ lu òkúta sọ́tọ̀, wọ́n sì rí i pé ikú tiwọn kọjá àfẹnusọ. Eruku òkúta ni. Omi ni wọ́n ní kí wọ́n máa fi rin òkúta tí ẹ̀rọ ń lù, kí eruku má baà gbéra.

N kò ní purọ́ pé ìwé náà kò ní àbùkù. Obìnrin tó ti lọ́kọ, iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí òpó iṣẹ́: ìyàwó amọ̀kòkò, opó awakùsà. Ìyá kan lè ti fi ogún ọdún ki àwo bọ omi òjé, kí òjé sì ti ba gbogbo ara rẹ̀ jẹ́, kí ìwé ikú rẹ̀ má sì sọ jù pé aya ẹnìkan ni. Bákan náà ni ọkùnrin tí èémí ti ń ṣe, tí kò lè wa kùsà mọ́, tó wá gba iṣẹ́ ọdẹ ẹnu ọ̀nà. Tó bá kú, ọdẹ ni wọ́n kọ, ẹ̀bi tó yẹ kó lọ sórí kùsà sì wá wọ ọrùn iṣẹ́ ọdẹ. Farr àtàwọn tó tẹ̀ lé e mọ èyí, wọ́n sì ń kìlọ̀ rẹ̀. Àbùkù náà wúwo lóòótọ́, pàápàá ti àwọn obìnrin, nítorí pé ìyà tí kò wọ ìwé kì í rí ẹni gbèjà rẹ̀. Síbẹ̀, ìwé tí àlàfo wà nínú rẹ̀ sàn fún mi ju òfìfo lọ, torí pé a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí àlàfo yẹn.

Àbùkù kan tún wà tí ó ju ìyẹn lọ: ìwé ikú máa ń pẹ́ jù. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wọ ibẹ̀ ti lọ. Èyí ló mú kí òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ọdún 1895 ní Gẹ̀ẹ́sì pa á láṣẹ pé dókítà tó bá rí òṣìṣẹ́ tí òjé, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tàbí arsenic ti wọ̀ lára, tàbí tí àìsàn anthrax mú láti ibi iṣẹ́, gbọ́dọ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sí ọ̀gá àwọn wolé-wolé ilé iṣẹ́. Wọ́n ń san ṣílè méjì àti sísì fún dókítà náà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Aláìsàn náà ṣì wà láàyè. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń mí afẹ́fẹ́ kan náà.

Ẹni tí wọ́n wá fi sídìí àwọn ìwé wọ̀nyí lọ́dún 1898 ni Thomas Legge, dókítà àkọ́kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olùbẹ̀wò ilé iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àìsàn òjé ṣe rí, kí ohun tó ń kà lójoojúmọ́ lè yé wa. Ní àwọn ìlú amọ̀kòkò Staffordshire, òjé ni wọ́n ń pò mọ́ omi tí wọ́n fi ń mú àwo dán. Ẹni tó ń ki àwo bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ a rin títí dé ìgúnpá; nígbà tí omi náà bá gbẹ lára àwo tí ẹlòmíràn ń fá ibi tó pọ̀ jù kúrò, ìyẹ̀fun òjé a máa fò sínú afẹ́fẹ́. Ó ń wọ imú, ó ń wọ oúnjẹ ọ̀sán. Inú rírun tó le ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé, ìgbẹ́ kò sì ní í yà. Ìlà aláwọ̀ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan a hàn létí erìgì. Lẹ́yìn náà, ọrùn ọwọ́ a rọ. Òṣìṣẹ́ náà yóò na apá síwájú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a sì so rọ̀ wálẹ̀, kò ní lè gbé e sókè. Oyún ń wálẹ̀ lára àwọn obìnrin. Àwọn tí ó bá gorí ọpọlọ wọn a máa dá gìrì, òmíràn a fọ́jú. Lọ́dún 1900, ìwé 1,058 ló dé ọ́fíìsì náà lórí òjé nìkan.

Ohun tí Legge fi ìwé wọ̀nyẹn ṣe ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀. Kò kà wọ́n sí àkójọ lásán. Ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá dé, ìbẹ̀wò ló ń bí: ilé iṣẹ́ wo ni, yàrá wo, ìdí tábìlì wo ni ẹni náà ń jókòó? Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Bí òjé bá ti dá ẹnìkan dùbúlẹ̀, àwọn tó kù nínú yàrá náà ń gbé e kiri. Nígbà tó bá sì rí i pé ìwé ń wá láti ibì kan lemọ́lemọ́, ó mọ ibi tí òfin yóò ti kan ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku síbi tí wọ́n ti ń fá àwo, wọ́n ń yẹ òṣìṣẹ́ wò lóòrèkóòrè, wọ́n ní kí ilé iṣẹ́ pèsè omi ìfọwọ́ àti ibi ìjẹun tí òjé kò lè dé. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1910, iye ìwé tó ń wọlé ti dín kù tó bí ìdajì. Láti inú iṣẹ́ yìí ni Legge ti wá gbà pé agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe gbogbo ohun tó yẹ, torí pé òṣìṣẹ́ nìkan kò ní agbára púpọ̀ láti dáàbò bo ara rẹ̀. Ó sì gbà á tọkàntọkàn: lọ́dún 1926, nígbà tí ìjọba rẹ̀ kọ̀ láti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1921 lórí ọ̀dà funfun tí wọ́n fi òjé ṣe, ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Kí á sún síwájú díẹ̀. Láti ọdún 1895 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Frankfurt, Ludwig Rehn, ti kígbe pé jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ń mú àwọn tó ń ṣe aró ìgbàlódé nílé iṣẹ́ kẹ́míkà. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí àríyànjiyàn fi wà lórí rẹ̀. Ní Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé iṣẹ́ ìwádìí náà lé oníwádìí kan, Robert Case, lọ́wọ́. Ó kó orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ láti ilé iṣẹ́ kẹ́míkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ikú gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹ fojú inú wo iṣẹ́ yẹn nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà: orúkọ kan, ojú ìwé kan, ìka ọwọ́ lórí ìlà.

Ó nílò ìlú kan tí kò ní ilé iṣẹ́ aró, kí ó lè fi wé. Ó yan Birmingham. Ó yẹ ìwé àwọn aláìsàn àti òkú ibẹ̀ wò láti mọ iye jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tó yẹ kí ìlú lásán ní, ó sì bá ohun tí kò wá pàdé: ní Birmingham tí ó rò pé ó mọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ rọ́bà ń ní àrùn náà ju bó ṣe yẹ lọ. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà kí ó má baà tètè bàjẹ́ ló ní májèlé kan náà nínú. Wọ́n yọ kẹ́míkà náà kúrò lọ́jà lọ́dún 1949; Case àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde wọn jáde lọ́dún 1954. Àwọn ọkùnrin náà kò mọ̀. Òpó iṣẹ́ ló bá wọn sọ ọ́. Kò sí ibi tí mo ti rí agbára àkọsílẹ̀ tó hàn tó èyí: ó fi ìyà tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò mọ orúkọ rẹ̀ hàn fún ẹni tí kò wá a.

Ti asbestos gùn ju gbogbo wọn lọ, torí pé ogún, ọgbọ̀n, ogójì ọdún ló lè wà láàárín ìgbà tí ènìyàn mí okùn tín-ín-rín rẹ̀ sínú àti ìgbà tí jẹjẹrẹ mesothelioma yóò jáde lára awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Láti ọdún 1968 ni wọ́n ti ń kó gbogbo ìwé ikú tó bá dárúkọ àrùn náà jọ ní Bìrìtìkó. Òkú 153 ló wà nínú rẹ̀ lọ́dún náà. Wọ́n fòfin de asbestos pátápátá lọ́dún 1999, síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọdún tó tẹ̀ lé 2010, iye náà kọjá 2,500 lọ́dún kan. Nígbà tí Julian Peto àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka òpó iṣẹ́ lọ́dún 1995, àwọn tó ń ṣe asbestos nílé iṣẹ́ kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀ mọ́. Àwọn káfíńtà ni, àwọn púlọ́ńbà, àwọn oníná, àwọn tó ń fi ayùn gé pátákó síìlìn tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé nínú káfíńtà 17 tí wọ́n bí ní Bìrìtìkó láàárín 1940 sí 1949, tí wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ náà ju ọdún mẹ́wàá lọ kí wọ́n tó pé ọgbọ̀n ọdún, ọ̀kan ni àrùn yìí yóò pa. Èyí kàn wá ní ilé wa. Síìlìn asbestos ṣì wà lókè orí wa nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọba àtijọ́ àti ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kọ́lékọ́lé wa sì ń fi òòlù wó o lulẹ̀ láìbo imú.

Ìgbà mìíràn, òkú kò tilẹ̀ nílò láti pọ̀. Ní Louisville ní Kentucky, ikú òṣìṣẹ́ mẹ́ta nílé iṣẹ́ pílásítíìkì kan ló tó. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ kan tó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ló pa wọ́n, dókítà John Creech sì so ó pọ̀ pé ibì kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Oṣù Kìíní ọdún 1974 ni ìròyìn náà jáde. Kí ọdún náà tó parí, Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí iye vinyl chloride, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe pílásítíìkì náà, tí wọ́n gbà láàyè nínú afẹ́fẹ́ ibi iṣẹ́ já láti ìdá 500 nínú mílíọ̀nù kan sí ìdá kan péré.

Ṣé àwa kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni? A ní in, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Láti ọdún 1960 ni ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti wà ní UCH, Ìbàdàn. Àwọn olùwádìí méjì, Edington àti Una Maclean, fi ka jẹjẹrẹ tó mú àwọn ará Ìbàdàn láàárín 1960 sí 1963, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1965. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó ìwé jẹjẹrẹ àgbáyé jọ láti ìlú dé ìlú, Ìbàdàn wà nínú rẹ̀ láti apá kìíní. Inú mi máa ń dùn sí èyí gan-an. Ìlú wa ka àwọn aláìsàn rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá láyé kò tíì ronú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dé yàrá káàdì. Ẹni tó bá ti lọ sí ọsibítù ìjọba mọ ibẹ̀ dáadáa: wíńdò kékeré, ìlà gígùn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ̀wé láìgbé orí sókè. Orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, àdírẹ́sì, ìbátan, iṣẹ́.

“Bàbá, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?”

“Òwò ni, ọmọ mi.”

Ó kọ “bíṣínẹ́ẹ̀sì”, ó pe ẹni tó kàn. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n òwò bàbá náà ni pé ó ń ra bátìrì mọ́tò tó ti kú, ó ń fi àáké là á lẹ́yìnkùlé, ó ń da ásíìdì inú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń kó òjé inú rẹ̀ tà. Inú rírun ló gbé e wá. Dókítà yóò ṣí fáìlì, yóò rí “bíṣínẹ́ẹ̀sì”, yóò sì kọ oògùn ibà àti ti ọgbẹ́ inú fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó ń fọ́ òkúta ní kúárì tí wọ́n ń fún ní oògùn ikọ́ ife léraléra tí kò san, ti wẹ́dà, ti ẹni tó ń kun mọ́tò lọ́dà, ti ìyá tó ti fi ọgbọ̀n ọdún yan ẹja nínú èéfín. Iṣẹ́ wọn ló wà lára wọn. Lórí káàdì, oníṣòwò ni gbogbo wọn.

A ti rí ohun tí àìkọsílẹ̀ ń ná wa. Ní Zamfara lọ́dún 2010, àwọn ọmọdé ń dá gìrì, wọ́n ń kú, ní àwọn abúlé bíi Yargalma àti Dareta. Ẹgbẹ́ Àwọn Dókítà Aláìláàlà tó wà níbẹ̀ nítorí yírunyírun ló ṣàkíyèsí pé ikú náà ti pọ̀ jù, tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà ránṣẹ́ sí Jámánì. Òjé ni. Àwọn òbí ń lọ òkúta wúrà nínú ẹ̀rọ ìlọgi nílé, òjé sì wà nínú òkúta náà. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Ògíjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì, àwọn akọ̀ròyìn ló ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún 70 ènìyàn tó yọ̀ǹda ara wọn, ìròyìn náà sì jáde lọ́dún 2025: méje nínú mẹ́wàá ni òjé ara wọn ti kọjá ibi tó léwu. Mo kí àwọn akọ̀ròyìn náà kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé ọsibítù ni wọ́n bá wa ṣe. Òfin ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti ọdún 1987 tiwa náà, tó jẹ́ àrọ́mọdọ́mọ òfin Gẹ̀ẹ́sì tí Legge lò, sọ pé dókítà tó bá rí àìsàn ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó olùdarí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ létí. Òfin wà, ìwé tó yẹ kó máa tibẹ̀ jáde ló ṣọ̀wọ́n.

Ẹ̀yin tó ń jókòó sí wíńdò káàdì, ẹ má gba “òwò” lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ bi í pé kí ló ń tà, kí ló ń fọwọ́ bà, ọdún mélòó ló ti ń ṣe é, kí ló ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí ìyàwó bá bá ọkọ rẹ̀ wá, ẹ bèèrè ti ìyàwó náà lọ́tọ̀. Ẹ̀yin dókítà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ikú pẹ̀lú, kí ẹ sì fi ìwé ránṣẹ́ síbi tí òfin ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ìwọ tó ń ka èyí, tí o bá tún dé ọsibítù, wẹ́dà ni ọ́, sọ pé wẹ́dà ni ọ́; bátìrì lò ń tú, sọ pé bátìrì lò ń tú, kí o sì dúró títí tí wọ́n á fi kọ ọ́.